Ìka Ìyá Atẹ̀wé

"Mọ́mì, nínú gbogbo ìwé tí ẹ ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń tẹ̀wé, èwo ni tiyín?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò Ìyá Atẹ̀wé ló bí i. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí páálí bébà nínú yàrá ìtẹ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Ìyá Atẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́, ó ń dúró de ìyá rẹ̀ tí yóò wá mú un lọ sílé. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń forí lé. Nítorí náà, nígbà tí ìbéèrè náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun gan-an ni ẹnu kọ́kọ́ yà.

Ìka Ìyá Atẹ̀wé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró gbagidi lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ọ̀gá kan fi ọwọ́ kọ wúruwùru pé kí ó bá òun tẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ búrẹ́dì rẹ," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà rò pé òun ti rí àgbà fín. Kò béèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n Ìyá Atẹ̀wé gbé ìbéèrè náà lọ sílé. Ó gbé e dé ìdí oúnjẹ, ó gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà yẹn, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tẹ̀wé. Ó ti tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fún àwọn tí wọ́n padà di ọ̀gá rẹ̀. Ó ti tẹ lẹ́tà ìlénilọ, lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, lẹ́tà ìkìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fọ́ fèrèsé. Ó máa ń mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà àti ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kí ẹni náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ a sì dákẹ́ bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Ó ti tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń kó yanrìn jọ. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé, èyí, orí Ìyá Atẹ̀wé ló ti wá.

Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, nínú yàrá kan tí àwọn ọmọbìnrin ogún jókòó sí lórí ìlà mẹ́rin ló ti kọ́ṣẹ́. Táìpúráítà ni wọ́n ń lò. Olùkọ́ wọn a fi aṣọ bo ọwọ́ wọn kí ojú má baà rí ohun tí ìka ń ṣe, a sì di rúlà mú. Ẹni tó bá yọjú wo bọ́tìnnì, rúlà a bá a sọ̀rọ̀. Bí ìka rẹ̀ ṣe di ìka tó mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó lè máa tẹ̀wé kó máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ òjò tó rọ̀ lánàá, kí lẹ́tà kan má sì yẹ̀. Ní yàrá ìtẹ̀wé, wọ́n tún ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní kà-kí-n-gbọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹnì kan a máa ka ìwé àkọ́kọ́ sókè, pẹ̀lú gbogbo àmì ìdádúró àti ìlà tuntun tó wà níbẹ̀, ẹnì kejì a fi rúlà tẹ̀lé e lórí èyí tí wọ́n tẹ̀. Ìwé kankan kì í jáde láìgba abẹ́ rúlà yẹn kọjá.

Tábìlì mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà nígbà kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó ku òun nìkan, òun àti fáànù kan tó máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ náà ni Rẹjísírà tuntun ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin tó ní sùúrù ni, ó sì kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó fi àga lọ̀ ọ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. A óò ti yàrá ìtẹ̀wé pa ní ìparí sáà yìí."

Ìyá Atẹ̀wé gbá ọwọ́ mọ́ báàgì rẹ̀.

"Ìwé àlàkalẹ̀ ìdánwò tí ẹ máa ń tẹ̀, tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tìtorí rẹ̀ ti ara wọn ṣubú, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ nọ́ńbà ẹ̀kọ́ rẹ̀ sójú fóònù, yóò rí gbọ̀ngàn àti aago. Ẹnì kan ṣoṣo la óò fi sí ìdí ojú-ìwé yẹn. Agbaṣẹ́ṣe kan ti ní òun lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin ní kí n kọ́kọ́ fi lọ òṣìṣẹ́ wa."

"Èmi nìyẹn, sà?"

"Ẹ̀yin nìyẹn, mà. Ẹ̀kọ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí wọ́n fi ń kọ́ HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ìwé. Bí ẹ bá yege, ẹ óò gbé tiyín wá, agbaṣẹ́ṣe yóò gbé tirẹ̀ wá, a óò dán méjèèjì wò lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ ogún ọdún ló máa ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni, sà?"

"Kò sí ṣùgbọ́n, mà."

"Bí mi ò bá yege ńkọ́?"

Rẹjísírà wo bíírò rẹ̀. "Yàrá ìkẹ́rùsí. Ẹ óò máa ka àga títí ẹ óò fi fẹ̀yìn tì."

Ọdún mẹ́rin ló kù kí ó fẹ̀yìn tì. Ìyá Atẹ̀wé mọ yàrá ìkẹ́rùsí náà dáadáa. Kò ní fèrèsé. Ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ kẹ́yìn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi àga. Iṣẹ́ kíka àga kì í ṣe ìtìjú, ṣùgbọ́n òun, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ òun. Bí wọ́n bá gba kíbọ́ọ̀dù lábẹ́ ìka òun, kí ni ìka náà yóò máa ṣe?

Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. Káfíńtà ni, ẹni tó tóbi, tó rí bí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń rìn.

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé èmi lo máa ń pè kí n wá tan tẹlifíṣọ̀n?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni kì í gbọ́ràn. Ẹ sọ ẹ̀rọ kan tó ní kíbọ́ọ̀dù tó ti bá mi jà rí."

"Ó dáa. Máa lọ síléèwé. Ṣé kí n ran yúnífọ́ọ̀mù fún ẹ?"

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi kan tábìlì tí kò ní mì."

Ó kàn án lọ́jọ́ kejì. Tábìlì náà kò mì.

Ìdájí, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ni ó máa ń wo fídíò ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni nínú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé rí ibi tí wọ́n ti ń dín eré rẹ̀ kù, ó tẹ̀ ẹ́, olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe gbádùn rẹ̀. Ó ra ìwé kíkọ tí àwọn ọmọléèwé ń lò, ó fa ìlà pupa sí etí rẹ̀, ó ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá wí.

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé HTML kò ṣòro fún un rárá. Olùkọ́ ní, ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ kó jẹ́ àkọlé, kí ó fi àmì sí iwájú rẹ̀, kí ó sì fi àmì tì í lẹ́yìn. Gbogbo àmì tó bá ṣí, kí ó pa á dé. Àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ ń sunkún lójú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pé ojú-ìwé àwọn ti dàrú nítorí àmì kan tí àwọn gbàgbé láti pa dé. Ìyá Atẹ̀wé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni yóò kọ́ òun ní pípa àmì dé? Nígbà tí CSS dé, tí wọ́n ní kí wọ́n wọn àlàfo etí ìwé, òkè àti ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Láti kékeré ló ti ń wọn àlàfo etí ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ̀ fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmì tí wọ́n ń pè ní h1, tó ń mú àkọlé tóbi gàǹgà, kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àkọlé náà rọra jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ó tún un tẹ̀, bákan náà ni. Ó bá lo h2, èyí tó kéré díẹ̀ sí i, ìyẹn gbọ́ràn. Ó ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ṣe: ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

JavaScript ló mú un láàgùn. Ìyẹn kì í ṣe títo ọ̀rọ̀ sójú ìwé mọ́. Pípàṣẹ ni: bí báyìí bá jẹ́ báyìí, ṣe èyí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tẹjú mọ́ ọn tí kò yé e. Ọkọ rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú pákó lórí èjìká.

"Kí ló dé tí o fajú ro báyìí?"

"Wọ́n ní kí n máa bá ẹ̀rọ ro bí-bá."

"Kí ni ń jẹ́ bí-bá?"

Ó ṣàlàyé fún un. Káfíńtà sọ pákó kalẹ̀. "Bí pákó bá gùn jù, gé e. Bí kò bá gùn jù, fi í sílẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ni?"

"Ìyẹn náà ni."

"Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ nìyẹn? Kí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì ọjọ́."

Ó bínú sí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àṣẹ kan bá rú u lójú, ó máa ń fi pákó rò ó. Ìgbà mélòó kan, kóòdù rẹ̀ a kàn dúró ṣìnkún, kò ní lọ mọ́. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó gba ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, tí wọ́n ní kí oníkálukú ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀.

Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú-ìwé ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ìdánwò ọgọ́sàn-án ni ó tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú gbọ̀ngàn, ọjọ́ àti aago. Ó fi àpótí kékeré kan sí òkè rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti tẹ nọ́ńbà ẹ̀kọ́. Ó tẹ 101. Ojú-ìwé náà dáhùn lójú ẹsẹ̀: Gbọ̀ngàn Kejì, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Ó tẹ 204, ó dáhùn. Ó tẹ 213, ó dáhùn. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó wá wo iṣẹ́ obìnrin. Ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ́ wọn.

Ẹ̀rọ ni ó ń máàkì iṣẹ́ ọ̀hún. Kò pẹ́ tí èsì fi dé, ìlà pupa kan: Ó kùnà. Nọ́ńbà 101, a kò rí i. Nọ́ńbà 213, a kò rí i.

Ìyá Atẹ̀wé ṣí ojú-ìwé rẹ̀, ó tẹ 101. Gbọ̀ngàn Kejì, ọjọ́ Ajé. Ó ṣiṣẹ́! Ó ní bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa. Ó tún un fi ránṣẹ́. Ó kùnà. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n gbà kí èèyàn fi iṣẹ́ àṣekágbá ránṣẹ́, ó ti lo méjì. Ọjọ́ Àìkú ni gbèdéke. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Rẹjísírà fẹ́ dán ojú-ìwé méjèèjì wò, ẹni tí kò bá sì yege nínú ẹ̀kọ́ kò ní gbé nǹkan kan wá.

Ọ̀sán Sátidé, ó jókòó sí tábìlì tí kò mì, ojú rẹ̀ pọ́n. Àga nìkan ló ń rí: àga lórí àga, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ìyẹ̀fun pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Lọ́wọ́ mi, ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ wọn, ó ń kọ̀."

"Jẹ́ kí n bá ẹ gbìyànjú ẹ̀."

"Ẹ̀yin?"

"Ṣé àrùn wà lọ́wọ́ mi ni?" Ó fa àga jókòó, ó na ìka ìtọ́ka kan jáde, ìka tó ki bí ẹsẹ̀ àpótí. Ó wá bọ́tìnnì, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá òmíràn. Ìgbà tó fi tẹ 101 tán, ìyàwó rẹ̀ ìbá ti tẹ lẹ́tà kan pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ojú-ìwé náà dáhùn: A kò rí ìdánwò yìí.

"Ó mọ̀ pé káfíńtà ni mí ni?"

"Ẹ sún." Ìyá Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, fìrì. Gbọ̀ngàn Kejì. "Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ yín ni kò dáa."

"Ọwọ́ tó kan tábìlì tí o gbé e lé!" Ó tún un tẹ̀. A kò rí ìdánwò yìí. Ó tẹ 204. Ìyẹn jáde. Ó tẹ 213. Kò jáde. "Ẹ̀rọ yìí ń ṣe ojúsàájú o."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán, ó sì kù díẹ̀ kí Ìyá Atẹ̀wé sunkún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán ni àwọn máa ń yẹ̀ wò ní yàrá ìtẹ̀wé. Kò sí ẹni tó máa ń wo ọwọ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo ọwọ́.

"Ẹ tún un tẹ̀," ó ní. "Díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé mo lè yára ni?"

Ìka ńlá náà gbéra, ó gòkè lọ sí ìlà àwọn nọ́ńbà, ní ìkángun òsì.

"Ẹ dúró! Kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀?"

"Kí ni mò ń wá? Ení ni mò ń wá. Òun náà rè é, iwájú èjì. Níbo ló yẹ kí n ti wá a?"

Ìyá Atẹ̀wé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé e sórí kíbọ́ọ̀dù, ó dijú, ó ní kí ó tẹ ení. Ìka rẹ̀ kò gòkè rárá. Ti ọwọ́ ọ̀tún ló mì, ìka òrùka, ní ìlà àárín, ó sì tẹ lẹ́tà l kékeré.

Táìpúráítà tó fi kọ́ṣẹ́ kò ní ení. Láti orí èjì ni nọ́ńbà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ ení, kí wọ́n tẹ l kékeré, nítorí lórí bébà, ìbejì ni wọ́n. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tó gbé ení tirẹ̀ dání, kò sí ẹni tó sọ fún ìka rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Gbogbo ọjọ́, gbogbo déètì, gbogbo nọ́ńbà gbọ̀ngàn, l ni gbogbo wọn, bébà kò sì tú u fó rí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo ìrísí. Lójú tirẹ̀, ení ni ení, l ni l. Bí òun fúnra òun bá tẹ l láti wá ohun tí òun fi l kọ, ó rí i. Bí ẹlòmíràn bá tẹ ení, ó ní kò sí.

"Yéè! Ìdí nìyẹn tí àkọlé ńlá fi kọ̀!" Ó kígbe, ó lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó ń ro bóyá kí òun pe aládùúgbò.

Kò lè ní kí ẹ̀rọ pààrọ̀ gbogbo l sí ení lẹ́ẹ̀kan náà, torí yóò sọ "ilé" àti "olùkọ́" di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ó fa rúlà yọ. "Kà-kí-n-gbọ́," ó ní. "Ẹ gba ìwé yìí. Ẹ máa kà, èmi á máa tẹ̀lé yín."

Káfíńtà kà á. Ó kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, pẹ̀lú gbogbo àmì ìdádúró, ó tilẹ̀ ń fi ikọ́ kún un. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá dé orí ení, Ìyá Atẹ̀wé a gbé ìka rẹ̀ gòkè lọ sí ìkángun òsì. Ìka náà ń jà. Ó fẹ́ sá padà sí ibi tó mọ̀. "Òkè!" ni ọkọ rẹ̀ ń pariwo. "Òkè, Atẹ̀wé! Iwájú èjì!" Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n parí. Ó ní kí ọkọ òun fi ìka rẹ̀ tó ki yẹn tẹ 101. Gbọ̀ngàn Kejì, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìlà tó padà wá jẹ́ àwọ̀ ewé: Ó yege.

Káfíńtà gbé e sókè pẹ̀lú àga tó jókòó lé.

Ẹlòmíràn ìbá sinmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣé òun nìkan ni wọ́n fi aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ ni? Ó ṣírò àwọn olùkọ́ àgbà, àwọn akọ̀wé ẹ̀ka, gbogbo àwọn tó kọ́ títẹ̀ lórí irú ẹ̀rọ kan náà. Kò sí ohun tó kàn wọ́n nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá náà. Olùkọ́ inú fídíò kò mọ̀ pé irú ìka bẹ́ẹ̀ wà láyé. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbìyànjú láti kọ́ ojú-ìwé náà pé kó gbọ́ èdè irú ìka bẹ́ẹ̀, kò rí i ṣe. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú-ìwé náà dákẹ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ó tó rí i ṣe, ìlà kan péré.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjì sórí tábìlì gígùn nínú yàrá ìpàdé. Rẹjísírà wà níbẹ̀, Ọ̀gá Ìdánwò náà wà níbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà tó rẹwà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin agbaṣẹ́ṣe ṣí ojú-ìwé tirẹ̀. Ó dára! Àwòrán ń yí, àwọ̀ ń tàn, àkọlé ń fò wọlé. Ti Ìyá Atẹ̀wé kò ní àwòrán. Ó mọ́, àlàfo etí rẹ̀ dọ́gba, ó parí síbẹ̀.

Rẹjísírà tẹ 101 sí ti agbaṣẹ́ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ sí ti Ìyá Atẹ̀wé. Méjèèjì dáhùn. Ó tẹ 305. Méjèèjì dáhùn. Ó wo àwòrán tó ń yí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí, ó ní, "Ó dà bíi pé..."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án," Ọ̀gá Ìdánwò wí. "Èmi ni wọn yóò máa pè bí kò bá ṣiṣẹ́."

Ó jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò wo kíbọ́ọ̀dù. Fìrì. Ojú-ìwé tó ní àwòrán dáhùn pé kò sí ìdánwò 101.

"Ẹ ti ṣì í tẹ̀, mà," ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Èmi? Ṣì í tẹ̀?" Ọ̀gá Ìdánwò yíjú sí i. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tẹ̀wé, ọmọ." Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Ọ̀gá Ìdánwò tẹ̀ ẹ́, kò sí. Ó dìde, ó bọ́ sí ìdí kọ̀ǹpútà kejì. Fìrì. Gbọ̀ngàn Kejì, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án. Ó tẹ 213. Ó jáde.

"Kí ló dé?" Rẹjísírà béèrè.

Ìyá Atẹ̀wé kò sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn rí. Ìwé tí wọ́n bá fẹ́ kà níbẹ̀ ló máa ń gbé wọlé, tó sì máa ń jáde. Ó yíjú sí Ọ̀gá Ìdánwò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé wọ́n fi aṣọ bo ọwọ́ yín níbi tí ẹ ti kọ́ títẹ̀?"

"Wọ́n bò ó."

"Ṣé ẹ̀rọ yín ní ení?"

Ọ̀gá Ìdánwò wo ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Ẹ̀rín bá bú jáde, irú ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "L kékeré! Ọlọ́run ò! Títí dòní!"

Ìyá Atẹ̀wé ṣàlàyé ìlà tó fi sọ fún ẹ̀rọ pé bí l bá bọ́ sínú àpótí nọ́ńbà, kí ó kà á sí ení. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wo ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ ṣeun, mà. Mi ò ronú kan ìyẹn rí."

"Inú ẹ̀kọ́ yẹn ni ẹ ti kọ́ ọ?" Rẹjísírà béèrè.

"Rárá, sà."

Rẹjísírà pa kọ̀ǹpútà tó ní àwòrán dé. "Mà, ẹ má wulẹ̀ gbé tábìlì yín lọ síbì kankan."

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kò sí ẹni tó ti ẹnikẹ́ni ṣubú níwájú ògiri. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìdílé. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́sí ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yà sí ọ́fíìsì náà nígbà tí iléèwé parí, ó kí Ìyá Atẹ̀wé, ó dúró sẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Wá," Ìyá Atẹ̀wé wí. Kò bi í nípa iléèwé. Ó ṣí kóòdù ojú-ìwé náà, ó yí i lọ sísàlẹ̀, ó kọjá ìdánwò ọgọ́sàn-án, ó kọjá gbogbo ohun tí olùkọ́ inú fídíò kọ́ ọ, ó sì fi ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ojú kọ̀ǹpútà níbì kan.

"Èyí. Ìlà kan ṣoṣo yìí, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó gba ìka àgbà bó ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ fún mi kí n tó tẹ̀ ẹ́. Tèmi nìyí."